Ìrọbí Tí Ó Dé Kí Oṣù Tó Pé

Nígbà tí Tanke ṣì jẹ́ abúlé àwọn àgbẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Ìlọrin, kí Yunifásítì tó ṣí lọ sí ọgbà rẹ̀ ńlá ní ọdún 1982, kò sí baálé ilé níbẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí ó gbin àgbàdo rẹ̀. Bí a bá bi í léèrè, yóò ka ọ̀sẹ̀ tí ó ti kọjá, yóò sì sọ èyí tí ó kù kí ọmọ àgbàdo tó gbó. Lónìí ilé ti kún láti Tipper Garage títí dé Òkè-Odò, oko sì ti dínkù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọkọ kan níbẹ̀ léèrè pé oyún inú aya rẹ̀ ti di ọ̀sẹ̀ mélòó, èsì rẹ̀ lè má ju èyí lọ: "Ó ti tó oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó ti máa lọ sí méje." Irú èsì bẹ́ẹ̀ tó fún ẹni tí ó kàn ń kíni lásán. Kò tó fún dókítà tí a gbé aya náà wá bá ní òru, tí ìrọbí ti mú un nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Ohun tí dókítà náà yóò ṣe, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, rọ̀ mọ́ iye ọ̀sẹ̀ náà.

Ogójì ọ̀sẹ̀, èyí tí í ṣe 280 ọjọ́, ni a ń ka oyún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní nǹkan oṣù tí obìnrin rí gbẹ̀yìn. Ọmọ tí a bá bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni ọmọ tí kò tó ọjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a bí ní gbogbo ayé tó 13,400,000, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iye náà ti pọ̀ jù. Àwọn kan a máa wí pé ọmọ oṣù méje ń yè, ṣùgbọ́n pé ti oṣù mẹ́jọ kì í yè. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́, ó sì ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ lára, nítorí ó ń mú kí ènìyàn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìrọbí oṣù keje. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò sí i nínú ìyá rẹ̀ ni agbára kún agbára fún un.

Ohun tí ó sábà ń kọ́kọ́ dẹ́kun ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èémí. Bí a bá fi omi rẹ ewé mọ́ínmọ́ín méjì, tí a sì tẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn a lẹ̀ mọ́ra, a ó sì fi ipá ya wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò tó ọjọ́ ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí ó bá mí síta. Ọmọ tí ó tó ọjọ́ ní ohun yíyọ̀ kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí omi ọṣẹ, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oyún ni ohun yìí ń pọ̀ tó. Ọmọ tí a bí ṣáájú ìgbà náà ń jà fún èémí kọ̀ọ̀kan, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ títí dé ojú ikú.

Ní ilẹ̀ New Zealand, dókítà kan tí a ń pè ní Graham Liggins ń ṣe ìwádìí ìrọbí lára àwọn àgùntàn. Ní ọdún 1969 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ àgùntàn tí a bí láìtó ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba oògùn kan ń mí, nígbà tí ó yẹ kí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti kọ̀. Òun àti Ross Howie fún àwọn aboyún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1972: àìsàn èémí dínkù láàárín àwọn ọmọ tí a bí láìtó ọjọ́. Ìyá ni a ń gún ní abẹ́rẹ́ yìí, ọmọ ni ó sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ó ń fẹ́ àkókò díẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì, kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára. Nítorí náà ni dókítà fi ń fún obìnrin ní oògùn tí ń mú ikùn rọ̀. Oògùn náà kò lè dá ìrọbí dúró títí oṣù yóò fi pé, ṣùgbọ́n ó lè ra ọjọ́ méjì náà. Bí ọ̀sẹ̀ kò bá tíì tó 32, wọ́n tún lè fi abẹ́rẹ́ mìíràn kún un tí ń dáàbò bo ọpọlọ ọmọ.

Nísinsìnyí ni kí òǹkàwé fi ara balẹ̀. Nígbà tí ìròyìn abẹ́rẹ́ yìí tàn ká, ó dàbí ẹni pé kí a fún gbogbo obìnrin tí ó bá ń rọbí ṣáájú àkókò, ní abúlé gbogbo. Wọ́n dán èyí wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Kẹ́ńyà àti Sáḿbíà sì wà nínú wọn. Àbájáde rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 kó ìbànújẹ́ bá àwọn tí ó ṣe é: ikú àwọn ọmọ tuntun lápapọ̀ kò dínkù, ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ náà ni oyún wọn ti tó ọjọ́ tàbí tí ó kù díẹ̀, tí kò sì wúlò fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tún un dán wò ní ilé-ìwòsàn ńlá nìkan, láàárín obìnrin 2,852 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh. Wọ́n wá ìdí iye ọ̀sẹ̀ oyún kọ̀ọ̀kan dáradára, wọ́n sì gba kìkì àwọn tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ 26 sí 34. Ní ọdún 2020 àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn kò gba oògùn náà, nǹkan bí 24 ni ó kú ní oṣù àkọ́kọ́. Nínú 100 tí ìyá wọn gbà á, nǹkan bí 20. Irú abẹ́rẹ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ wà nínú kíka ọ̀sẹ̀ àti nínú ibi tí a ti gún un. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìkóríta, tí ó sì ní kí a gún aya òun nílé, ewu ni ó fi owó rà.

Kíka ọ̀sẹ̀ kò ṣòro, ìwé kàlẹ́ńdà tí ó wà ní ọwọ́ òǹkàwé yìí sì tó fún un. Kí obìnrin fàlà sí ọjọ́ kìn-ín-ní nǹkan oṣù rẹ̀, ní oṣooṣù, yálà ó ń retí oyún tàbí kò retí. Bí oyún bá dé, kí ó ka oṣù mẹ́sàn-án síwájú láti ọjọ́ tí ó fàlà sí gbẹ̀yìn, kí ó sì fi ọjọ́ méje lé e. Ẹni tí ó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn ní 10 Oṣù Kejì, 17 Oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fún obìnrin yìí, ọ̀sẹ̀ 26 pé ní 11 Oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ 34 ní 6 Oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ 37 ní 27 Oṣù Kẹwàá. Kí ó kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ní Ìlọrin ọ̀pọ̀ ìyá ń fi oṣù ojú ọ̀run kà, wọn a wí pé láti ìgbà ààwẹ̀ Rámádánì ni. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé oṣù ojú ọ̀run mẹ́sàn-án kò ju nǹkan bí 266 ọjọ́ lọ. Ẹni tí ó bá kà á láti ìgbà nǹkan oṣù rẹ̀ yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣìnà. Bí obìnrin kò bá sì rántí ọjọ́ kankan, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn ní kùtùkùtù oyún fún àyẹ̀wò tí a fi ẹ̀rọ wo inú, tí àwọn ènìyàn ń pè ní síkáànì. Kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé ni ó yẹ kí a ṣe é, nítorí bí oyún bá ṣe ń dàgbà ni ẹ̀rọ náà ń ṣìnà sí i nípa ọjọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù láti ka oyún, kí ọ̀tá má baà gbọ́. Èlísábẹ́tì aya Sakaráyà náà fi ara rẹ̀ pamọ́ fún oṣù márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí Lúùkù ti kọ ọ́, síbẹ̀ a mọ ìgbà tí ó di oṣù kẹfà. Kì í ṣe pé kí a polongo rẹ̀ ní ọjà. Kí aya mọ̀ ọ́n, kí ọkọ mọ̀ ọ́n, kí ó sì wà nínú káàdì ilé-ìwòsàn.

Bí ikùn obìnrin tí oṣù rẹ̀ kò pé bá ń le, tí ó sì ń rọ̀, kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tọ̀, kí ó mu omi, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ó sì wo aago. Líle tí kò ní ètò, tí ó sì dáwọ́ dúró bí ó ti sinmi, kì í sábà jẹ́ ìrọbí. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá nígbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, tàbí tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn ún léraléra, tí ó dàbí ẹni pé ọmọ ń tẹ ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ. Bí omi bá ń jò tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá farahàn, kí wọ́n má tilẹ̀ dúró ka wákàtí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ nílé, kí a má ṣe fún ikùn rẹ̀, kí a má sì fún un ní àgbo.

Níbo ni a ó gbé e lọ? Ilé-ìwòsàn kékeré tí ó sún mọ́ni dára fún àyẹ̀wò oṣooṣù, ṣùgbọ́n ìrọbí ọ̀sẹ̀ 30 ń fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè ran ọmọ lọ́wọ́ láti mí. Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin wà ní Òkè-Òyì, lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Láti Tanke a ní láti la apá kan ìlú kọjá kí a tó dé ibẹ̀. Ọkọ tí kò tíì mọ ẹni tí ó ní mọ́tò ní àdúgbò, tí kò sì tọ́jú owó, a jẹ́ pé òru ni yóò fi wá a. Kò yẹ kí a dúró kí a bí ọmọ nílé tán kí a tó gbé e, nítorí kò sí ọkọ̀ tí ó gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ dára bí inú ìyá rẹ̀.

Àwọn kan a máa lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn láti dè oyún, pẹ̀lú ìgbàdí tàbí àgádágodo. Yàtọ̀ sí pé onígbàgbọ́ kò ní ìpín nínú rẹ̀, ewu rẹ̀ ni wákàtí tí ó ń jẹ. Àwọn dókítà pàápàá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dè oyún: wọn a fi okùn rán ẹnu ilé-ọmọ fún obìnrin tí tirẹ̀ máa ń ṣí láìsí ìrora. Shirodkar ti ilẹ̀ Íńdíà kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1955, McDonald ti Ọsirélíà ní ọdún 1957. Kí ìrọbí tó dé ni a ń ṣe èyí, nítorí náà kí ẹni tí ó ti bímọ láìtó ọjọ́ rí sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ní ti dídùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún oṣù púpọ̀, ìwádìí kò fi hàn pé ó ń dá oyún dúró, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀.

Ibà, àrùn ojú ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oyún tí ó tẹ̀lé ara jù wà lára ohun tí ń fà á. Kí aboyún sùn nínú àpò ẹ̀fọn, kí ó sì gba oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní SP ní ilé-ìwòsàn láti oṣù kẹrin, ó kéré tán nígbà mẹ́ta, pẹ̀lú oṣù kan láàárín wọn. Oyún ìbejì, tí ó pọ̀ láàárín Yorùbá ju ibi púpọ̀ lọ, sábà máa ń tètè bọ́. Nígbà púpọ̀ a kì í rí ìdí kankan rárá, kò sì tọ́ kí a torí èyí fi ẹ̀sùn kan ìyá ọkọ tàbí orogún.

Bí ọmọ náà bá sì dé ní kékeré, àyà ìyá rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ní Bogotá, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ní ọdún 1978, dókítà Edgar Rey rí i pé ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ gbóná kò tó, ó sì ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ lé àyà lásán, awọ ara mọ́ awọ ara. Ní ọdún 2021 àbájáde ìwádìí tí a ṣe ní Gánà, Màláwì, Tànsáníà, Íńdíà àti Nàìjíríà, ní Ilé-Ifẹ̀, fi hàn pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí a bí wọn, láìdúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀, ọmọ tí ń kú nínú 100 dínkù láti nǹkan bí 16 sí 12. A ó fi fìlà dé ọmọ lórí, a ó fi ìtẹ́dìí sí i, a ó gbé e dúró sí àárín ọmú méjèèjì, a ó sì fi aṣọ gbà á mọ́ra lóru àti lọ́sàn-án. Bí kò bá lè fa ọmú, a ó fún wàrà ìyá sínú ife kékeré fún un. Bí ó bá rẹ ìyá, kí baba bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí ó gbà á. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tí ó tó: yóò máa ta ẹsẹ̀, yóò máa ké, yóò sì máa fi ipá yọ ara rẹ̀ kúrò nínú aṣọ.