Ilẹ̀ Dúdú Orí Òkúta Ẹfun

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlaròó lọ sí Ayétòrò, ilẹ̀ pupa ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Yanrìn àti amọ̀ pupa tó jinlẹ̀ ni, àwọn onímọ̀ nípa òkúta sì fi orúkọ Ìlaròó gan-an pe ìpele òkúta tí ó ti wá. Ẹ̀gẹ́ ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀, kò sì sí àgbẹ̀ agbègbè náà tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilẹ̀ pupa yìí, òkúta ẹfun wà níbẹ̀. Ó tẹ́ lọ láti Ewékorò kọjá sí Ìbéṣè, ó ré ààlà kọjá sí Oníìgbólò lẹ́bàá Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì dé Tabligbo ní Tógò. Níbi tí odò tàbí àgbàrá bá ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa kúrò tí òkúta sì sún mọ́ òkè, ilẹ̀ mìíràn pátápátá ni ọkọ́ yóò bá pàdé. Ó dúdú, ó fẹ́lẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ funfun sì kún inú rẹ̀.

Òkun ló bí òkúta náà. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, omi òkun bo ibi tí Ewékorò, Ìbéṣè àti Pọ́bẹ̀ wà lónìí. Òkun náà kò jìn, omi rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Oríṣiríṣi ẹ̀dá oníkarahun ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń kú, ìkarahun wọn sì ń rọ̀ jọ léra wọn títí ó fi di òkúta. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé ńlá jáde lórí àwọn ìkarahun inú òkúta Ewékorò ní 1977. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta níbẹ̀ dáadáa á ṣì rí àwòrán wọn lára rẹ̀.

Ìdí tí ilẹ̀ orí òkúta ẹfun fi máa ń fẹ́lẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Òkúta líle bí irú èyí tó wà ní Abẹ́òkúta, bó bá jẹrà, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kù sílẹ̀, á di amọ̀ àti yanrìn. Ti ẹfun kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òjò tó bá ti gba inú ewé jíjẹrà kọjá máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń yọ́ ẹfun bí ẹni ń yọ́ iyọ̀, á wá gbé e wọnú ilẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún òkúta náà ni kì í ṣe ẹfun, a jẹ́ pé tọ́ọ̀nù 100 òkúta gbọ́dọ̀ yọ́ tán kí tọ́ọ̀nù 5 ilẹ̀ tó kù sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni yóò kọjá kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ga dé orókùn. Ẹfun tó yọ́ náà kò sì sọnù. Òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó nínú omi kànga, òun náà ló ń di èépá funfun sí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi.

Bí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ gé irú ilẹ̀ yìí wò, ilẹ̀dú ni yóò kọ́kọ́ bá. Ó wà ní hóró-hóró, nítorí pé ẹfun máa ń so amọ̀ àti ewé jíjẹrà pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè túká. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ nígbà mìíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni amọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ òkúta funfun wẹ́wẹ́, tí omi ti jẹ gbogbo igun wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ́ á dún kọ̀ǹ, ó parí nìyẹn. Kí wọ́n mú ọ̀kan nínú òkúta funfun náà, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí: yóò hó. Bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà bá hó, ẹfun ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá hó, ó lè jẹ́ pé òjò ti fọ ẹfun òkè lọ.

Ilẹ̀ yìí lọ́ràá ju bó ṣe rí lójú lọ. Kì í kan, bẹ́ẹ̀ ni kíkan ni àrùn ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìhà gúúsù wa tí òjò ti fọ̀ jù. Ìgbín fẹ́ràn rẹ̀, torí pé nínú ẹfun ni ìgbín ti ń rí ohun tó fi ń mọ ìkarahun. Ẹ̀pà náà nílò ẹfun kí èso rẹ̀ tó lè kún.

Àléébù rẹ̀ ni pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tí irúgbìn kò lè rí jẹ. Níbi tí ẹfun bá ti pọ̀ jù, ó máa ń de irin, síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ara ewé tuntun ni àgbẹ̀ á ti kọ́kọ́ rí i: ewé á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmọ́ iṣan inú rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀pọ̀ á rò pé ajílẹ̀ ló kù, wọ́n á tún da yúríà lé e. Yúríà tí wọ́n bá sì fọ́n sórí irú ilẹ̀ yìí láì bò ó, atẹ́gùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá lọ, owó àgbẹ̀ sì bá a lọ. Iṣu kò ní ibi tí yóò ta sí níbẹ̀. Kòkó, tó máa ń wá omi lọ sísàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kan òkúta láìpẹ́.

Òkúta kan náà kì í bí ilẹ̀ kan náà níbi gbogbo. Ní Kalambaina lẹ́bàá Sókótó, òkúta ẹfun wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ewékorò dọ́gba. Òkun tó wọlé láti ìhà àríwá ló fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan dúró lé láti 1967. Ṣùgbọ́n òjò tí Sókótó ń rí lọ́dún kò ju nǹkan bíi mílímítà 600 sí 700 lọ, nígbà tí ti Ìlaròó ju 1,000 lọ. Òjò Sókótó kò lè fọ ẹfun kúrò lókè, oòrùn ló ń fa omi inú ilẹ̀ gòkè, ẹfun á sì dì síbẹ̀. Koríko ibẹ̀ máa ń tètè hù bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, torí pé omi díẹ̀ ti tó láti rin ilẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó sì tún máa ń tètè gbẹ, torí pé kò síbi tí omi ń pamọ́ sí. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ jù, tó sì tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, òkúta lásán ló ń fi sílẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Edwards Plateau ní Texas: àwọn ará ibẹ̀ kó ẹran jù sórí ilẹ̀ ẹfun fẹ́lẹ́ ní òpin ọ̀rúndún 19, koríko kú, igi juniper gbalẹ̀.

Yewa, níbi tí Ìlaròó àti Ìbéṣè wà, kò gbẹ tó Sókótó, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí igbó kìjikìji ti já ló wà, níbi tí ọ̀dàn ti gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dé etí òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn darandaran máa ń da màlúù gba Kétu àti Ìmẹ̀kọ wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ dúdú ẹfun lè ṣe bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, kó wo igbó ọba Lama ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Amọ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, tó máa ń wú nígbà òjò, tó sì máa ń la kàǹkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀ igi àyìn, awin àti àràbà kún inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀bọ oníkùn pupa tó ti ń ṣọ̀wọ́n láyé fi ṣe ilé.

Ní Ìbéṣè, ní Àríwá Yewa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Ti Ewékorò ti wà láti 1960. Sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kan òkúta, ilẹ̀ òkè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ hó kúrò. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ ìsàlẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe òmíràn. Òfin Ìwakùsà ti 2007 béèrè pé kí ẹni tó wa kùsà tún ilẹ̀ ṣe. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe bí ilẹ̀dú bá ti sọnù.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílẹ̀ tí ẹ óò bá ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tọwọ́ bọ ìwé, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé náà pé kí wọ́n kó ilẹ̀ òkè jọ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì dá a padà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí oko yín wà lórí ilẹ̀ dúdú yìí, ẹ má da eérú sí i, ẹfun rẹ̀ ti tó. Ìgbẹ́ màlúù àti ìgbẹ́ adìẹ ló dára jù fún un, kí ẹ sì bo yúríà mọ́lẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà ní Ayétòrò, nítòsí yín. Ẹ bu ilẹ̀ oko yín lọ sọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó náwó sórí ajílẹ̀.