Oníbodè Tí Jẹjẹrẹ Ń Tàn Jẹ

Ẹni tó bá ń rìn kiri ìlú Bìní lónìí ṣì máa rí àjẹkù yàrà ńlá tí àwọn Ẹdo ń pè ní Iya. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọba Ewuare ló gbẹ́ èyí tó tóbi jù nínú wọn, ní ọ̀rúndún 15. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri rẹ̀ tó mítà 17, ẹnubodè mẹ́sàn-án ló sì ní. Bí yàrà ṣe wù kó jìn tó, ojú oníbodè ni ààbò ìlú wà: kó má fọwọ́ kan ọmọ onílùú, kó má sì jẹ́ kí ọ̀tá wọlé.

Irú oníbodè bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Sẹ́ẹ̀lì T ni wọ́n ń pè é. Ó ń káàkiri ara, ó ń yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù wò, ó sì ń pa èyí tó bá ti bàjẹ́. Kó má baà ṣe ara tó ń ṣọ́ léṣe, ìjánu kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ PD-1. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fi àmì PD-L1 hàn án ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe àjòjì. Sẹ́ẹ̀lì ara wa tó ya pòkíì ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń fi àmì yìí hàn. Oníbodè á rí i, á ní ọmọ ilé ni.

Tasuku Honjo ní Japan ló ṣàwárí PD-1 ní 1992. James Allison ní Amẹ́ríkà fi hàn pé téèyàn bá tú irú ìjánu mìíràn, CTLA-4, ara fúnra rẹ̀ lè bá jẹjẹrẹ jà. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Oògùn immunotherapy bíi pembrolizumab kì í pa jẹjẹrẹ. PD-1 ló ń bò, kí àmì ẹ̀tàn má baà dé ibẹ̀. Pembrolizumab wà lára ìtọ́jú tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, gbà ní 2015 nígbà tí jẹjẹrẹ awọ ara ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ó dàgbà dé 100 ọdún kó tó kú.

Ṣùgbọ́n oníbodè tí a tú ìjánu rẹ̀ lè kọjú sí ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Oògùn náà kì í sì í ran gbogbo aláìsàn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ yẹ ègé jẹjẹrẹ wò. Ẹbí tó gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn UBTH ní Ugbowo, ní Bìní, lè béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá irú ti èèyàn wọn gbọ́ oògùn yìí. Kí wọ́n béèrè owó náà: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fà á sára, mílíọ̀nù náírà sì ni.

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ wà lára èyí tí wọ́n ń fi oògùn yìí wò. Kòkòrò HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara sì ṣeé kọ́ láti dá kòkòrò yẹn mọ̀ ṣáájú. Ní 2024 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dé Ìpínlẹ̀ Ẹdo, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè wo ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú. Kí ọmọ tó pàdé kòkòrò náà rárá ló yẹ kó gbà á.