Ẹyọ àti Ọ̀pọ̀: Ọ̀rọ̀-Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá

Kókó tí a gbé wá sórí ètò yìí ni bí ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń di ọ̀pọ̀. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ọmọ Múṣín tàbí Sùúrùlérè tí ó ń múra ìdánwò WAEC, tí olùkọ́ fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ “two book” àti “many furnitures” rẹ̀ láìsọ ìdí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé òun kò lọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà, ìbáà ṣe ẹyọ, ìbáà ṣe ọ̀pọ̀. Ìwé kan, ìwé méjì, àwọn ìwé: “ìwé” kò yẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń ru ẹrù iye: “àwọn” níwájú, “méjì” tàbí “wọ̀nyí” lẹ́yìn, tàbí àpètúnpè, bí i “ilé ńláńlá”. Bí “méjì” bá ti sọ iye, kò sí ìdí tí “ìwé” yóò fi tún un sọ. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ “two book” ń tẹ̀lé òfin. Òfin èdè mìíràn ni. Bákan náà, a ń fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè pe ìyá rẹ̀ ní “they”.

Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀-orúkọ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí iye. “Book” a di “books”, “bus” a di “buses”. “City” a di “cities” nítorí pé kọ́ńsónáǹtì ni ó ṣáájú “y”. “Day” a di “days” nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó ṣáájú tirẹ̀. Ìró “s” yìí kì í ṣe ọ̀kan: “s” ni nínú “books”, “z” ni nínú “bags”, ó sì gba sílébù tirẹ̀ nínú “buses”. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró “z”, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí sílébù wa. Ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí kọ́ etí kí ó tó kọ́ ọwọ́. “Men”, “feet”, “oxen” àti “children” jẹ́ àjẹkù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. À ń há wọn sórí ni. “Sheep” kì í yí padà rárá, bí “àgùntàn” tiwa.

Ibi tí ó le jù ni “furniture”, “equipment” àti “information”. Àwa a máa ka àga àti tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan tí kò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n a ní irú rẹ̀. Ní ọjà Ojúwoyè ní Múṣín, kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n wọn “gàrí méjì” fún òun. “Kóńgò gàrí méjì” ni yóò wí. Kóńgò ni a kà, kì í ṣe gàrí. Iṣẹ́ tí kóńgò ń ṣe fún gàrí ni “piece” ń ṣe nínú “two pieces of furniture”. Ọmọ tí a bá là á yé báyìí kò ní tètè gbàgbé.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé Yorùbá nínú kíláàsì yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti ẹgbẹ́ wọn.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olùkọ́ tó fi gègé pupa fa ìlà, kí ó kọ gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó, kí ó sì bi àwọn ọmọ pé: ọ̀rọ̀ wo ni ó ru iye níhìn-ín, èwo ni ó rù ú lọ́hùn-ún?