Gáàsì Fíríìjì Nínú Omi Abẹ́ Ilẹ̀: Àpẹẹrẹ Gardnersville

Gardnersville jẹ́ àdúgbò kan ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, lẹ́bàá Stockton Creek tó so odò Mesurado mọ́ odò St. Paul. Iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, àbàtà sì wà nítòsí. Òjò tó ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún kan ju 4,000 mílímítà lọ, omi kò sì jìnnà sójú ilẹ̀. Omi kàǹga ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kéèyàn mọ ibi tí gáàsì fíríìjì ń gbà.

CFC-12, ọ̀kan lára àwọn gáàsì CFC tí kábọ́ọ̀nù, klórínì àti flúórínì para pọ̀ di, ló ń mú fíríìjì àtijọ́ tutù. CFC-11 wà nínú fóòmù ara rẹ̀. Àdéhùn Montreal ọdún 1987 ló ká wọn lọ́wọ́ kò torí wọ́n ń ba ìpele ozone ojú ọ̀run jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà sì ní láti jáwọ́ nínú wọn pátápátá kí ọdún 2010 tó wọlé. Fíríìjì tó ti dórí ààtàn kò gbọ́ òfin yẹn. Fóòmù rẹ̀ ń jò fún ọ̀pọ̀ ọdún: afẹ́fẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, ìyókù lè bá omi wọlẹ̀.

Bí ọ́síjìn bá wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀, CFC kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Àwọn onímọ̀ omi tilẹ̀ ń wọn iye rẹ̀ láti mọ ọdún tí òjò kan rì sínú ilẹ̀. Inú ẹrẹ̀ dúdú tí afẹ́fẹ́ kò dé ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àwọn bakitéríà ibẹ̀ a máa yọ klórínì kúrò lára CFC-11, háídrójìn a sì bọ́ sípò rẹ̀: ó di HCFC-21, lẹ́yìn náà HCFC-31. CFC-12 le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í tètè gbà. Flúórínì ni agídí wọn, torí ó rọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù gan-an. Ẹ má sì rò pé ohun tó jẹrà ti di mímọ́: CFC-113, tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀yà ẹ̀rọ, lè di chlorotrifluoroethene, tó lóró ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

R-134a tó rọ́pò CFC-12 kò ba ozone jẹ́, àmọ́ apá kan rẹ̀ ń di ásíìdì trifluoroacetic (TFA) lójú ọ̀run, òjò a sì gbé e wálẹ̀. Bí ẹ bá se omi, CFC á fò lọ. TFA á ṣẹ́ kù sínú ìkòkò.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì fíríìjì, ẹ má gé páìpù kí gáàsì máa tú jáde. Ẹ fà á sínú sílíńdà, ẹ má sì fọ́ fóòmù nítòsí kàǹga.