Kẹ́ ẹ tó ra kọ́ìlì tuntun fún jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ iná pọ́lọ́ọ̀gì wò

Láti Òkè-Fìà l'Óṣogbo títí dé ọjà Atákúnmọ́sà n'Íléṣà, kò sí télọ̀ tàbí onígerun tí kò mọ ohun tójú ń rí bí oníbàárà bá jókòó, táwọn tá a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré 'I better pass my neighbour' sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tá a pè láti tún un ṣe lè ní kọ́ìlì ti jó, kó sì gbowó, nígbà tó jẹ́ pé pọ́lọ́ọ̀gì lásán ló dọ̀tí.

Jẹnẹrétọ̀ yìí kò ní bátìrì. Òòfà ló wà lára irin róbótó tó ń yí nígbà tẹ́ ẹ bá fa okùn. Bí òòfà náà bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, iná á jáde, pọ́lọ́ọ̀gì á sì ta á sí epo. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: irú òòfà bẹ́ẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò Model T tí Ford gbé jáde ní 1908.

Bẹ́ ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ gbé e síta gbangba, ẹ ti ọ̀nà epo pa, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì. Níwọ̀n bá a ti ń po òróró mọ́ epo rẹ̀, ó lè ti dúdú, kó sì rin gbìndìn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ dé ìdérí rẹ̀ padà sí i, ẹ fi ẹ̀mú onírọ́bà dì í mú, kí irin ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ihò tẹ́ ẹ ti yọ ọ́, torí oru epo lè gbiná. Ẹ tan súwíìṣì, kẹ́nì kan fa okùn kíákíá.

Bí iná búlúù bá ta dáadáa, kọ́ìlì kò lẹ́bi. Ọ̀nà epo àti kabúrétọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò. Bí kò bá ta, ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun dán an wò, torí owó rẹ̀ kò tó ti kọ́ìlì. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tú wáyà tínńrín tó ti ara kọ́ìlì lọ síbi súwíìṣì, kẹ́ ẹ tún fa okùn. Bó bá wá ta, súwíìṣì tàbí wáyà rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ so ó padà lẹ́yìn àtúnṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè fi súwíìṣì pa jẹnẹrétọ̀ náà.

Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì wò ó bóyá òòfà ti dóògún, tàbí kọ́ìlì ti jìnnà sí i. Àlàfo àárín wọn kò yẹ kó ju nínípọn káàdì kan lọ. Lẹ́yìn èyí ló tó kan ríra kọ́ìlì.

Láti May 29, 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, owó tó ń lọ sórí epo nìkan ti tó ẹrù fún oníṣòwò kékeré. Kò yẹ ká tún máa fi èrè ra ohun tí kò bàjẹ́. Bó bá sì ti ṣiṣẹ́, ìta ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pani.