Àwọn Eléré Olórin Wa: Nígbà Wo Ni Wọn Yóò Tún Gòkè Ọya?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń gbé Òkè Ọya láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn yóò rántí bí àdúgbò wa ti máa ń rí ní ọjọ́ tí àwọn eléré bá dé. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọkọ̀ wọn tí a kọ orúkọ ọ̀gá eléré sí lára ní lẹ́tà gàdàgbà yóò ti máa yí ká Sàbọ́n Gàrí. Gbohùngbohùn yóò máa ké lórí rẹ̀, àwọn onílù yóò jókòó sí ẹ̀yìn, àwọn ọmọdé yóò sì máa sáré tẹ̀lé e títí bàtà yóò fi bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Ìyá oníyán yóò tètè palẹ̀ igbá mọ́. Télọ̀ yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣáájú àkókò. Ẹni tí kò bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yóò máa wá ẹni tí yóò yá a. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ará Ìjẹ̀bú, kò sí ará Ọ̀fà, kò sí ará Èkìtì. Yorùbá ni gbogbo wa.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí wa lọ́kàn ni ilé ìṣeré ńlá tí ó wà ní Ìgànmú, ní Èkó. Ní 1976 ni wọ́n ṣí ilé náà, kí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a pè ní FESTAC tó wáyé ní 1977. Òrùlé rẹ̀ dàbí fìlà ológun, gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ nígbà náà sì gba 5,000 ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ilé náà di ẹgẹrẹmìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn tí ó fẹ́ràn eré ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń mi orí. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 2025, wọ́n sì tún ṣí i lẹ́yìn àtúnṣe. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n Ìgànmú jìnnà sí Kánò. Ará Èkó ni ó lè wo eré níbẹ̀ kí ó sì padà sùn sílé. Nígbà tí àwọn alákòóso ilé náà bá ń to eré sáà tí ń bọ̀, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni yóò rántí àwa tí a wà ní ìdálẹ̀?

Òpérà ni àwọn Òyìnbó ń pe irú eré tí a fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọba ń fi orin pàṣẹ, ìyàwó ń fi orin sunkún, ẹni tí ń kú lọ pàápàá yóò kọrin tirẹ̀ tán kí ó tó dákẹ́. Àwọn kan a máa fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó ní Ọ̀yọ́ rí kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Ilé ni àwọn Òyìnbó kọ́ fún òpérà tiwọn, wọ́n sì dá sáà fún un. Ní ìlú Milan ní Ítálì, ilé kan wà tí ń jẹ́ La Scala. Ní 1778 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Ambrose Mímọ́ tí ó jẹ́ alábòójútó ìlú náà, sì ni sáà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ìlú a wọ aṣọ ńlá lọ síbẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn a sì kọ̀wé nípa aṣọ náà bí ẹni pé òun gan-an ni eré.

Àwa kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ni ilé òpérà tiwa. Gbọ̀ngàn ilé ìwé, àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì, ilé sinimá tí a fi bẹ́ǹṣì kún, níbẹ̀ ni a ti ń wo eré, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì dára jù fún un, nítorí òjò kì í jẹ́ kí a jókòó ní àgbàlá. A kì í wo kàlẹ́ńdà kí a tó mọ ọjọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọ̀lú, sáà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ń pè ní bàbá eré yìí. Ọlọ́pàá ni nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe eré tí wọn yóò fi kó owó ilé ìsìn jọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1944, ó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, inú àwọn ènìyàn sì dùn débi pé kò pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí ó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ. Òpérà ni òun fúnra rẹ̀ pe irú eré yìí ní ìgbà náà. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá ni ìlù àti ijó ilẹ̀ wa gba ipò wọn.

Òkè Ọya ni Ògúndé ti rí ìjà ńlá. Ó ti ṣe eré kan lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945, èyí tí ó pẹ́ ju oṣù kan lọ. Nígbà tí ó gbé eré náà dé Jos ní 1946, àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n mú ọ̀gá eléré lọ sí ilé ẹjọ́, adájọ́ sì bu owó ìtanràn lé e. Ó tún ṣe òmíràn ní 1950 lórí àwọn awakùsà èédú 21 tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1949. Ìjọba amúnisìn fòfin de eré náà ní Kánò. Ẹ kò rí i pé àwọn aláṣẹ mọ ohun tí orin lè ṣe? Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá tí yóò jókòó sí gbọ̀ngàn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò kékeré, àwọn gan-an tí ọ̀rọ̀ náà dé bá.

Ní 1964, ọ̀ràn náà yí padà. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi ìbínú gba eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ó sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Òfin yìí wà títí di 1966, nígbà tí ìjọba ológun Adékúnlé Fájuyì mú un kúrò. Ṣùgbọ́n àṣẹ Ìbàdàn kò dé Òkè Ọya. Ìlọrin pàápàá, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Àríwá nígbà náà, kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ Ìbàdàn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò léèwọ̀ fún ará ilé rẹ̀ tí ó wà ní àjò.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá kò fẹ́ràn ìjà ìjọba ní tirẹ̀. Ìwà ọmọ ènìyàn ni ó ń fi ṣeré. Ọ̀mùtí tí ó mú jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, láti inú ìwé Amos Tutùọlá, ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ jùlọ.

Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí a mú eré kan ṣoṣo wá sí Òkè Ọya lónìí, Ọba Kòso ti Dúró Ládípọ̀ ni a ó mú, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti mọ̀. Tíṣà àti olórin ṣọ́ọ̀ṣì ni Ládípọ̀ ní Òṣogbo. Ní 1961, ó fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde tí ó ṣe, àwọn àgbà ìjọ sì bínú sí i. Ó mú ìlù rẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta, 1962, ó sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbàgede Mbárí Mbáyọ̀, nígbà tí ọdún yípo ní 1963 ni ó sì gbé Ọba Kòso jáde níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó. Abíọ́dún aya rẹ̀ ni Ọya. Ní 1964, wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin. Ní 1965, wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtàn inú rẹ̀ kò fara sin. Aláàfin Ṣàngó ní balógun méjì tí agbára wọn ń dẹ́rù ba ìlú, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹ̀dẹ kí ó baà lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, lẹ́yìn náà ó rán Gbọ̀nńkáà kí ó lọ mú un wá. Ọfọ̀ ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn jà, ìlù bàtá ń dá sí i, àwọn ayaba ń fi oríkì tu ọba lójú. Gbọ̀nńkáà borí, iná kò jó o, ọba sì di ẹni tí ó dá wà. Ìtàn sọ fún wa pé ilẹ̀ Tápà ni Ṣàngó kọjú sí nígbà tí ọ̀ràn náà dójú ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìyá rẹ̀. Òkè Ọya níbí ni ilé ìyá Ṣàngó. Aya rẹ̀ tí ó bá a jáde, tí ó wọlẹ̀ ní Ìrá lẹ́yìn ikú ọba, òun ni orúkọ odò ńlá tí gbogbo wa kọjá ní Jẹ́bà kí a tó dé ibi tí a ń jẹun. Lójoojúmọ́ ni a ń pe orúkọ ayaba yìí tí a bá ń dárúkọ ibi tí a ń gbé. Ọmọ mélòó nínú àwọn tí a bí síbí ni ó mọ̀?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí, onílù dùndún kan fi ìlù ki baba ọmọ. Àkọ́bí baba náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ìlù ń wí. Èdè Haúsá ni baba fi dá a lóhùn, kí ó baà lè yé e. A kò bú baba náà. Iṣẹ́ ni ó gbé e wá síhìn-ín, èdè ọjà ni ọmọ sì kọ́kọ́ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn eléré ni ó máa ń bá irú baba bẹ́ẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó bá wo Ọba Kòso fún wákàtí méjì kò ní gbàgbé ohùn bàtá.

Kí ni ó dé tí wọn kò wá mọ́? Sinimá ni ó kọ́kọ́ gba àwọn ọ̀gá lọ. Ògúndé fúnra rẹ̀ gbé Ayé jáde ní 1979 àti Jáíyésinmi ní 1980, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Fídíò dé lẹ́yìn náà, ẹni tí ó lè ta kásẹ́ẹ̀tì ní ọjà kò tún rí ìdí tí òun yóò fi kó onílù sínú ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Kánò. Owó epo gòkè. Ìbẹ̀rù ọ̀nà wọlé. Ládípọ̀ ti kú ní 1978, Ògúnmọ́lá ní 1973, Ògúndé ní 1990. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú èyí, àyàfi bóyá àwa fúnra wa tí a ń ra fídíò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eré náà kò sọnù. Ní 1972, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ Ọba Kòso sínú ìwé láti inú ohùn tí a gbà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ka Yorùbá lè kọ́ ọ. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alákòóso Ìgànmú kò pọ̀: eré olórin Yorùbá tí wọ́n bá gbé sórí ìtàgé ní Èkó, kí wọ́n fi òru méjì péré kún un ní Ìlọrin, Kàdúná, Jos tàbí Kánò. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ń ná owó púpọ̀ lórí aṣọ ẹbí ayẹyẹ ọdọọdún lè san owó gbọ̀ngàn. Ilé oúnjẹ àti ibùsùn fún àwọn eléré kò sì lè wọ́n wa, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é láyé ọjọ́un, ẹni méjì sílé yìí, ẹni mẹ́ta sílé tọ̀hún.

Ìpàdé ẹgbẹ́ yóò wáyé ní òpin oṣù yìí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí a ó jíròrò, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí.