Igun Ayùn: Ohun Tí Òṣùwọ̀n Olónọ́ńbà Lè Sọ Fún Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò kọjá orí tábìlì káfíńtà. Mo fẹ́ fi pákó ìrókò tí ó jẹ́ ara ibùsùn baba mi kan àpótí tí n ó máa kó ìwé rẹ̀ sí. Àpótí náà ní igun mẹ́rin, ẹnu pákó méjì sì ni ó ń pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan; nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ní láti gé pákó ní 45 dígírì. Mo da ayùn orí ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ọfà rẹ̀ fi dúró lórí 45, mo sì gé gbogbo wọn tán. Igun mẹ́ta pa ẹnu dé. Ẹ̀kẹrin ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìdajì dígírì péré ni ọfà náà fi ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ìdajì dígírì bá di ìlọ́po mẹ́jọ, tí gbogbo rẹ̀ sì kọrí sí ọ̀nà kan náà, 4 dígírì ni. Lára pákó tí ó nípọn ní 20 mílímítà, àlàfo bíi 2 mílímítà ni èyí jẹ́. Kò sí àtè tí ó lè bo irú rẹ̀.

Nígbà náà ni mo wá òṣùwọ̀n olónọ́ńbà lọ. Nínú rẹ̀ ni ègé sílíkọ́nì kékeré kan wà, tí a so rọ̀ kí ó lè mì díẹ̀. Bí a bá da òṣùwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára òòfà ilẹ̀ a fa ègé náà, àlàfo tí ó yí i ká a yí padà, iná mànàmáná a sì sọ ìyípadà náà di nọ́ńbà. Irú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí fóònù mọ̀ pé a dà á síbùú.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n yìí kò mọ tábìlì, kò sì mọ ayùn. Ilẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá dagun, tábìlì á bá a dagun. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lé tábìlì, kí a tẹ bọ́tìnì tí ó sọ ibẹ̀ di 0, kí a tó fi òòfà abẹ́ rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ayùn, láì yí ojú rẹ̀ padà. A ó ti yọ wáyà iná, a ó sì ti gbé ayùn sókè pátápátá, nítorí eyín ayùn nípọn ju ara rẹ̀ lọ: bí òṣùwọ̀n bá gun eyín kan ṣoṣo, irọ́ ni yóò pa.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà náà tàn yín. Ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì ni ojú rẹ̀ ń fi hàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn lè fi 0.2 ṣìnà. Ọgbọ́n tí kò gba bátìrì ṣì wà. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayùn dúró ní 90 gan-an, a ó gé pákó kan sí méjì, a ó dojú ọ̀kan dé, a ó sì fi ẹnu wọn kan ara. Àlàfo tí a bá rí jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe náà, ojú lásán sì lè rí i.

Ní ti férémù àwòrán, òṣùwọ̀n yìí kò wúlò rárá. Pákó férémù ń sùn pẹrẹsẹ. Ohun tí à ń yí ni irin tí ó ń ti pákó lọ bá ayùn, orí tábìlì ni irin náà sì ti ń yí. Bí ó ti wù kí a yí i tó, ìsàlẹ̀ kò kúrò ní ìsàlẹ̀, òṣùwọ̀n kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá ń kan férémù, kí ó mú irin igun rẹ̀ dání bí ti àtijọ́.

Mo tún pákó ìrókò náà gé. Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àpótí ti kúrú. Àwọn ìwé baba mi tí ó gùn ni mo ní láti ká sí méjì.